Ìtọ́jú Ìrora àti Iṣan pẹ̀lú Iná Mànàmáná: Ohun tí Ó Yẹ Kí Ọ̀dọ́ Mùsùlùmí Mọ̀



Ẹni tí ó bá wọ mọ́sálásí ní Ọ̀jọ́, ní Ìbà tàbí ní Okokomaiko lọ́jọ́ Jímọ̀ yóò rí àwọn àga oníke tí wọ́n tò sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Nígbà kan rí, àwọn arúgbó nìkan ni í jókòó sórí irú àga bẹ́ẹ̀ kírun. Lóde òní, ẹni ogójì ọdún wà níbẹ̀. Ẹni tí ó ti ń ru ẹrù ní ọjà Àlàbá láti ìgbà èwe rẹ̀ wà níbẹ̀, ẹni tí ó fi ọ̀kadà jẹun fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìyá tí ó ń fi ojoojúmọ́ bẹ̀rẹ̀ sídìí igbá ọjà náà wà ní ẹ̀yìn lọ́hùn-ún. Orúnkún kò ṣe é kúnlẹ̀, ẹ̀yìn kò ṣe é tẹ̀, apá kan ara sì ti rọ lẹ́yìn àrùn rọpárọsẹ̀.

Sharia kò ni irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ lára. Sàábé Ànábì kan, ʿImrān ọmọ Ḥuṣayn, ní àìsàn jẹ̀díjẹ̀dí, Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) sì yọ̀ǹda fún un pé bí kò bá lè dúró kírun, kí ó jókòó. Bí kò bá lè jókòó, kí ó fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Àánú ni ìyọ̀ǹda yìí, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ fi alága ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ìyọ̀ǹda kì í ṣe ìwòsàn. Ànábì kan náà ni ó pa á láṣẹ pé kí àwọn ẹrúsìn Ọlọ́hun máa wá ìtọ́jú fún àìsàn wọn. Ẹni tí ó bá di àga mú tí kò sì wá ìtọ́jú, ìdajì ẹ̀kọ́ náà ni ó gbà.

Ọ̀rọ̀ yìí dá lórí ìtọ́jú kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti gbọ́ nípa rẹ̀, tí díẹ̀ nínú wọn ti fojú rí, tí ìwọ̀nba péréte sì lóye: fífi iná mànàmáná kékeré sí ara láti dín ìrora kù, àti láti mú iṣan tí ó ti rọ padà sẹ́nu iṣẹ́. Àwọn kan gbọ́ orúkọ iná, wọ́n sá. Wọ́n ní ṣé iná tí ó ń pa ènìyàn lórí òpó ni a ó tún wá máa fi wo àìsàn? Àwọn mìíràn kò sá rárá. Wọ́n gba Àlàbá lọ, wọ́n ra ẹ̀rọ, wọ́n délé, wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tí ó wù wọ́n. Nínú ìhà méjèèjì, ìhà kejì yìí ni ó yẹ kí ẹ̀rù rẹ̀ máa ba ènìyàn jù.

Ìtọ́jú yìí kì í ṣe ohun àjèjì bí àwọn tí ó ń sá fún un ti rò. Ẹ béèrè lọ́wọ́ apẹja odò èyíkéyìí nípa ẹja òjìjí. Ẹja tí ó sanra, tí kò ní ìpẹ́, tí irun wà létí ẹnu rẹ̀ bí ti àrọ̀. Ẹni tí ó bá fọwọ́ kàn án láàyè, apá rẹ̀ yóò gbọ̀n jìgìjìgì dé èjìká. Iná mànàmáná gan-an ni ó wà lára ẹja náà, èyí tí ó tóbi nínú wọn sì lè tú iná tí agbára rẹ̀ tó 350 fóltì jáde lẹ́ẹ̀kan, nígbà tí iná ilé wa jẹ́ 230 péré. Kìkì pé ti ẹja náà kì í pẹ́ rárá ni kì í fi í pa ènìyàn.

Àwọn ará Íjíbítì ìgbàanì ya àwòrán ẹja yìí sára ògiri ibojì wọn ní ohun tí ó lé ní 4,000 ọdún sẹ́yìn. Ní Róòmù, ní nǹkan bí ọdún 47 lẹ́yìn ìbí Ànábì Ísà, oníṣègùn kan tí ń jẹ́ Scribonius Largus kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé kí ẹni tí ẹ̀fọ́rí bá ń dà láàmú fi ẹja inú òkun kan tí ó ní irú agbára yìí lé orí, àti pé kí ẹni tí ẹsẹ̀ ń ro dúró lé ẹja náà létí òkun títí ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò fi kú dé orúnkún. Galen, ẹni tí àwọn Lárúbáwá ń pè ní Jālīnūs, dán an wò lẹ́yìn náà, ó rí i pé òkú ẹja náà kò ṣe nǹkan kan, ààyè rẹ̀ nìkan ni ó ń ṣiṣẹ́. Ibn Sīnā, tí ó kú ní ọdún 1037, gba ọ̀rọ̀ yìí sínú ìwé ìṣègùn rẹ̀ ńlá, al-Qānūn. ʿAbdul-Laṭīf al-Baghdādī náà, nígbà tí ó ń kọ̀wé nípa ilẹ̀ Íjíbítì ní nǹkan bí 800 ọdún sẹ́yìn, ṣàpèjúwe bí ẹja inú odò Náílì yìí ti ń gbọn ọwọ́ ẹni tí ó bá dì í mú. Orúkọ tí àwọn Lárúbáwá fún un ni raʿʿād. Ọmọ ilé-kéwú tí ó bá mọ ọ̀rọ̀ raʿd, tí í ṣe àrá ojú ọ̀run, yóò rí i pé láti inú gbòǹgbò kan náà ni wọ́n ti wá. Ó pẹ́ gan-an lẹ́yìn náà kí ẹnikẹ́ni tó fi hàn gbangba pé àrá àti ẹja òjìjí, ohun kan náà ni ó wà nínú wọn. Èdè náà ti mọ̀ ọ́n ṣáájú.

Ní apá ọ̀dọ̀ tiwa níbí, Michel Adanson, ará Faransé tí ó gbé ní Sẹ̀nẹ̀gàl láti 1749 sí 1753, rí òjìjí ní odò ibẹ̀, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1757 pé bí ó ti ń gbọn ènìyàn kò yàtọ̀ sí bí ìgò tí àwọn òyìnbó ń kó iná mànàmáná pamọ́ sí nígbà náà ti ń gbọn ènìyàn. Ní ọdún 1857, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Edinburgh, George Wilson, kọ̀wé pé àwọn obìnrin Calabar àtijọ́ a máa fi òjìjí láàyè sínú omi, wọn a sì wẹ ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá nínú omi náà. Ó wá sọ pé ẹja wọ̀nyí ni ẹ̀rọ iná àkọ́kọ́ tí ọmọ aráyé lò. Ìyá Calabar ni ó ń lò ó. Ará Edinburgh ni ó rí i kọ sínú ìwé.

Ìtàn nìyẹn. Kí ọ̀dọ́ kankan má ṣe tìtorí rẹ̀ lọ wá òjìjí fún ìyá àgbà. Kò sí ẹni tí ó lè wọn iye iná tí ẹja yóò tú jáde, ọkàn aláìsàn kan kò sì jọ ti èkejì.

Ìyípadà dé nígbà tí ó di ohun tí a lè fi ọwọ́ ṣe, tí a sì lè wọ̀n. Galvani, ní ìlú Bologna ní Ítálì, tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1791 nípa itan ọ̀pọ̀lọ́ tí ó ń ta pọ́n-ún bí iná bá kàn án. Volta ṣe bátìrì ní 1800. Faraday rí ọ̀nà mìíràn tí a fi ń mú iná jáde ní 1831, ìdí rẹ̀ sì nìyí tí àwọn onífisiotẹ́rápì àtijọ́ fi ń pe irú iná kan ní ‘faradic’ títí di òní. Duchenne, oníṣègùn kan ní Paris, kó gbogbo rẹ̀ jọ sínú ìwé kan ní 1855, ó fi hàn pé bí a bá gbé iná náà sí ojú ibi tí ó yẹ lára awọ, iṣan kan ṣoṣo ni yóò mì, àwọn tó kù kò ní mì.

Kí ni iná náà ń ṣe nínú ara? Ọlọ́hun dá àwọn okùn tẹ́ẹ́rẹ́ sínú ara wa, èyí tí àwọn oníṣègùn ń pè ní nááfù. Àwọn kan ń gbé ìròyìn láti ara lọ sí ọpọlọ: ìgbóná, òtútù, ìfọwọ́kàn, ìrora. Àwọn mìíràn ń gbé àṣẹ láti ọpọlọ wá sí iṣan: gbé ẹsẹ̀, ká ọwọ́. Ìròyìn àti àṣẹ méjèèjì, iná kékeré ni. Nítorí náà, bí a bá fi iná kékeré láti ìta kan awọ, èdè tí nááfù ń sọ ni a bá a sọ.

Ẹ jẹ́ kí a mú ti ìrora ṣáájú. Ẹni tí ó bá fi ẹsẹ̀ kọ òkúta ní títì Ìyànà-Ìbà, kí ni yóò kọ́kọ́ ṣe? Yóò bẹ̀rẹ̀, yóò fi ọwọ́ ra ibẹ̀. Kò sí ẹni tí ó kọ́ ọ, ọmọ ọdún méjì náà mọ̀ ọ́n, ìrora náà a sì rọlẹ̀ díẹ̀. Ní 1965, Ronald Melzack àti Patrick Wall, ọmọ Kánádà kan àti ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, ṣàlàyé ìdí rẹ̀. Wọ́n ní bí ẹnu ọ̀nà kan ni ó wà nínú mùdùnmúdùn ọ̀pá ẹ̀yìn, tí gbogbo ìròyìn láti ara gbọ́dọ̀ gbà kọjá. Àwọn nááfù tí ń gbé ìfọwọ́kàn tóbi, wọ́n sì yára. Àwọn tí ń gbé ìrora tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n sì ń fà. Bí ìfọwọ́kàn bá pọ̀ ní ẹnu ọ̀nà náà, ilẹ̀kùn a pa dé díẹ̀ mọ́ ìrora, gẹ́gẹ́ bí ọkọ̀ ńlá kò ti ní rí ọ̀nà kọjá bí àwọn kẹ̀kẹ́ márúwá bá ti kún ojú títì. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ní 1967, Wall àti oníṣẹ́ abẹ ará Amẹ́ríkà kan, William Sweet, fi iná dán an wò lára àwọn tí ìrora ti bá jà pẹ́, ìrora náà sì lọ fún ìgbà díẹ̀ lára àwọn kan nínú wọn. Láti ibẹ̀ ni ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní TENS ti wá.

Ẹ̀rọ náà kò tóbi ju rédíò kékeré lọ. Bátìrì ni ó ń lò, kì í ṣe iná ilé. Wáyà méjì tàbí mẹ́rin jáde lára rẹ̀, páàdì tí ń lẹ̀ wà lẹ́nu wọn, a ó sì lẹ páàdì wọ̀nyí mọ́ awọ ní ẹ̀gbẹ́ ibi tí ó ń dun ni. Bí a bá tàn án, ara ibẹ̀ a máa ṣe yìnrìnyìnrìn. Oríṣi ọ̀nà méjì ni ó wọ́pọ̀ láti gbà lò ó. Èkíní ni kí iná náà máa lù kíákíá, bí 80 sí 120 ìgbà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, kí ó má sì le. Èyí ni ó ń ti ilẹ̀kùn tí a sọ. Èkejì ni kí ó máa lù díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà 2 sí 4 ní ìṣẹ́jú-àáyá, ṣùgbọ́n kí ó le dé ibi tí iṣan yóò máa ta. Èyí máa ń mú kí ọpọlọ tú oògùn apàrora tirẹ̀ jáde, èyí tí Ọlọ́hun ti fi sínú ara kí ẹnikẹ́ni tó kọ́ ilé ìta-oògùn.

Ṣé ó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́? Ọ̀rọ̀ òtítọ́ ni a jẹ ọ̀dọ́ ní gbèsè, nítorí náà ẹ gbọ́ ìhà méjèèjì. Ní 2022, ìwé ìròyìn ìṣègùn BMJ Open tẹ àyẹ̀wò kan jáde tí ó kó ìwádìí 381 pọ̀ lórí TENS. Ohun tí wọ́n rí ni pé ìrora ń dín kù nígbà tí ẹ̀rọ náà wà lára àti ní kété tí a bá yọ ọ́, ju ti àwọn tí a fi ẹ̀rọ tí kò ní iná nínú tàn lọ, àti pé ewu rẹ̀ kéré. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ tí ń gba àwọn ilé ìwòsàn ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nímọ̀ràn, NICE, sọ ní 2016 pé kí wọ́n má fi TENS wo ẹ̀yìn dídùn, wọ́n sì tún sọ irú rẹ̀ ní 2021 nípa ìrora ọlọ́jọ́ pípẹ́ tí a kò rí ìdí rẹ̀. Ó jọ pé ọ̀rọ̀ méjèèjì ta kora, àmọ́ kò rí bẹ́ẹ̀ tán. Ohun tí ẹ̀rọ náà ń fúnni ni wákàtí tí ìrora fi rọlẹ̀. Ẹni tí ó bá lo wákàtí náà láti fi dìde, láti fi rìn, láti fi na orúnkún rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí onífisiotẹ́rápì ti kọ́ ọ, yóò jèrè. Ẹni tí ó bá lò ó láti fi sùn sórí àga, tí ó bá di ọjọ́ kejì, ìrora ti padà délé. Ìdárayá ni oògùn orúnkún. Iná náà kàn ń ṣí ọ̀nà fún un ni.

Iṣẹ́ kejì ni ti iṣan, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ sì ti jinlẹ̀. Bí àrùn rọpárọsẹ̀ bá mú ènìyàn, ọpọlọ ni ó fara gbọgbẹ́. Nááfù tí ó ti inú ọ̀pá ẹ̀yìn wá sí ẹsẹ̀ ṣì wà láàyè, kìkì pé ẹni tí ń pàṣẹ fún un ti dákẹ́. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ a máa wọ́ ìka ẹsẹ̀ nílẹ̀ bí ó bá ń rìn, bàtà rẹ̀ a sì tètè jẹ níwájú. Ní 1961, dókítà kan tí ń jẹ́ Liberson àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi bọ́tìnnì kékeré kan sábẹ́ gìgísẹ̀ bàtà irú ẹni bẹ́ẹ̀. Bí gìgísẹ̀ bá ti kúrò nílẹ̀, bọ́tìnnì náà a tan iná sí nááfù tí ó gba ẹ̀gbẹ́ ìsàlẹ̀ orúnkún, iwájú ẹsẹ̀ a sì gbé sókè. Bí gìgísẹ̀ bá tún kan ilẹ̀, iná a kú. NICE tí ó kọ TENS fún ẹ̀yìn ni ó gba irú ìtọ́jú yìí wọlé ní 2009 fún ẹsẹ̀ tí ó ń wọ́lẹ̀ nítorí àìsàn ọpọlọ tàbí ti ọ̀pá ẹ̀yìn. Wọ́n tún ń fi irú iná bẹ́ẹ̀ ran iṣan iwájú itan lọ́wọ́ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ orúnkún, nígbà tí ìrora kò jẹ́ kí aláìsàn lè fi agbára tirẹ̀ fún un pọ̀.

Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ nááfù gan-an ni ó já tàbí tí ó kú, ọ̀rọ̀ yàtọ̀ pátápátá. Iná tí ń kọjá wéré, irú èyí tí ó wà nínú ẹ̀rọ TENS, kò lè mú iṣan bẹ́ẹ̀ mì rárá, nítorí nááfù ni iná náà ń bá sọ̀rọ̀, nááfù kò sì sí ńlé. Irú iná mìíràn tí ó ń pẹ́ díẹ̀ kí ó tó kúrò ni ó lè kan iṣan náà tààrà, ẹni tí ó sì kọ́ iṣẹ́ náà nìkan ni ó lè mọ ìyàtọ̀ wọn. Ẹ di èyí mú, a óò padà sí i.

Ọjà Àlàbá wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀jọ́ níbí, kò sì sí ẹ̀rọ oníná tí ènìyàn wá dé ibẹ̀ tí kò ní rí. Òwò halali ni kí ènìyàn ta ẹ̀rọ, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ wa ni ó sì wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń ta ẹ̀rọ kì í ṣe ẹni tí ó mọ àìsàn, kí ó má sì ṣe fi ẹnu dídùn sọ fún oníbàárà pé ẹ̀rọ kan ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà, ojú àti àìrọ́mọbí pọ̀. Irọ́ nínú ọjà ni, ó sì lè gba ẹ̀mí, nítorí ẹni tí ó bá gbà á gbọ́ yóò pa oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ tì. Àwọn kan tilẹ̀ wà tí wọ́n mọ wáyà so, tí wọ́n rò pé àwọn lè ṣe irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ nílé kí wọ́n sì fà á láti ara iná ilé tàbí jẹnẹrétọ̀. Kí Ọlọ́hun má jẹ́ kí a rí i. Iná inú TENS kì í pẹ́ tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sì ti dín in kù gan-an. Iná ilé kò mọ ìwọ̀n.

Àwọn kan wà tí kò gbọdọ̀ sún mọ́ ẹ̀rọ yìí láìjẹ́ pé dókítà fọwọ́ sí i. Ẹni tí wọ́n fi ẹ̀rọ amúọkànlù sí àyà rẹ̀ ni àkọ́kọ́. Aboyún kò gbọdọ̀ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ikùn tàbí ìbàdí. Ẹni tí ó ní wárápá, ẹni tí ó ní jẹjẹrẹ ní ojú ibi tí ó fẹ́ lẹ̀ ẹ́ mọ́, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ dì nínú ẹsẹ̀ rẹ̀, gbogbo wọn ni kí ó dúró. Kò sí ẹni tí ó gbọdọ̀ lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú ọrùn, nítorí ibẹ̀ ni iṣan ẹ̀jẹ̀ tí ń darí lílù ọkàn wà. A kì í lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú egbò. A kì í lò ó nígbà tí a bá ń wa ọkọ̀. Ẹni tí ìtọ̀ ṣúgà ti pa ìmọ̀lára ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ó tún yẹ kí ó ṣọ́ra jù, nítorí kò ní mọ̀ bí iná náà bá ti le ju bí ó ṣe yẹ, awọ rẹ̀ a sì jó láìfura. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ìrora tí a kò mọ ìdí rẹ̀, kí a má fi iná bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ̀yìn tí ó ń dunni pẹ̀lú ibà àti rírù, tàbí tí ẹsẹ̀ méjèèjì ń kú lọ, tí ìtọ̀ kò sì ṣe é dá dúró mọ́, ilé ìwòsàn ni ibi tí ó kàn lọ́jọ́ náà gan-an.

Àwọn ìbéèrè ẹ̀sìn tí ó wọ́pọ̀ lórí rẹ̀ kò le. Iná tí a fi sí ojú awọ kì í ṣe oúnjẹ, kì í ṣe ohun mímu, kò sì gba ọ̀nà ọ̀fun wọlé, nítorí náà kò ba ààwẹ̀ jẹ́. Páàdì tí ó bá wà ní ojú ibi tí à ń fọ̀ nínú àlùwàlá gbọ́dọ̀ kúrò kí omi lè dé awọ, kí a sì nu ohun tí ó bá lẹ̀ kù síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ààbò ara náà kò gbà pé kí ènìyàn máa da omi sára nígbà tí ẹ̀rọ wà ní títàn. Ní ti kí ọkùnrin tọ́jú obìnrin tàbí kí obìnrin tọ́jú ọkùnrin, ẹni tí ó jọ ara ẹni ni ó dára jù bí ó bá wà. Bí kò bá sí, bùkátà ìwòsàn ní ìyọ̀ǹda tirẹ̀ ní ìwọ̀n ibi tí a nílò láti tọ́jú, ọkọ tàbí mọ̀lẹ́bí sì lè jókòó tì í. Ìyàwó tí ọkọ rẹ̀ kò jẹ́ kí ó lọ fún ìtọ́jú ẹsẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ yìí, tí ẹsẹ̀ náà wá gan, ọkọ náà ní ọ̀rọ̀ láti dáhùn lọ́dọ̀ Ọlọ́hun.

Iṣẹ́ fisiotẹ́rápì kì í ṣe ọmọdé ní Èkó. Ìgbóbì ni ó ti bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà, ní 1945, nígbà tí àwọn sójà tí ó fara gbọgbẹ́ nínú ogun Hitler ń padà bọ̀ wálé, ibẹ̀ náà ni ó sì di ilé ìwòsàn eegun ti orílẹ̀-èdè. Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ni ní ẹ̀kọ́ náà ní 1966, ti Èkó tẹ̀ lé e ní Ìdí-Àràbà ní 1971. Láti 1988 ni òfin ti dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ tí ń fi orúkọ àwọn tí ó kọ́ṣẹ́ yìí sínú ìwé. Nítorí náà, ìbéèrè kan wà tí kò ní àrífín nínú: ‘Ẹ jọ̀wọ́ sà, ẹ jọ̀wọ́ mà, ṣé ẹ ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìgbìmọ̀?’ Ẹni tí ó forúkọ sílẹ̀ kò ní bínú sí i. Ọ̀nà láti Okokomaiko sí Ìgbóbì tàbí Ìdí-Àràbà jìn, sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ títì Àgbádárìgì a sì máa gba ìdajì ọjọ́. Àwọn ọ̀dọ́ tí ó ní ọkọ̀ lè pín ọjọ́ láàrin ara wọn láti máa gbé àwọn aláìsàn àdúgbò lọ, kí wọ́n sì dúró gbé wọn bọ̀. Iṣẹ́ sàdáákà ni, kò sì gba lẹ́tà tàbí ìpàdé kí ó tó bẹ̀rẹ̀.

Ó wá ku ti àwọn ọmọdé, èyí tí a ní kí ẹ dì mú. Ọmọ ọdún mẹ́ta ní ibà. Ìyá rẹ̀ gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ó ń ta oògùn ní àdúgbò, ẹni náà gún un ní abẹ́rẹ́ ní ìdí. Ọmọ náà ké igbe kan tí ó ju ti abẹ́rẹ́ lọ. Nígbà tí ó sọ̀ kalẹ̀, ẹsẹ̀ kan kò gbé iwájú sókè mọ́. Ìyá ní ibà ni ó rọ ọ́ lẹ́sẹ̀. Ìyá àgbà ní ayé ni ó ṣe é. Àwọn aládùúgbò ní kí wọ́n máa fi òrí pa á. Oṣù mẹ́fà kọjá. Àwọn oníṣègùn ní Nàìjíríà ti rí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀ ìgbà, wọ́n sì ti kọ̀wé nípa rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Abẹ́rẹ́ náà tàbí oògùn inú rẹ̀ ni ó kan nááfù ńlá tí ó gba inú ìdí sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ẹsẹ̀. Ní ọmọdé, ẹran ìdí kò nípọn, nááfù náà kò sì jìnnà sí awọ.

Ìdènà rẹ̀ rọrùn ju ìwòsàn rẹ̀ lọ. Ibà tí kò tíì le kò nílò abẹ́rẹ́. Oògùn ibà tí à ń gbé mì tó o. Ìyá tí ó bá ń sọ pé ‘ẹ fún un ní abẹ́rẹ́ kí ó tètè lọ’, ẹ̀yin ọmọ rẹ̀ tí ẹ kàwé ni kí ẹ fi sùúrù bá a sọ̀rọ̀. Bí abẹ́rẹ́ bá sì di dandan fún ọmọ kékeré, kí ó jẹ́ nọ́ọ̀sì tàbí dókítà ni yóò gún un, kí ó sì jẹ́ ní ẹ̀gbẹ́ itan.

Bí ó bá ti ṣẹlẹ̀, ọjọ́ ni ọ̀tá. Nááfù tí ó fara gbọgbẹ́ a máa hù padà ní nǹkan bí mìlímítà kan ní ọjọ́ kan. Láti ìdí dé ẹsẹ̀ ọmọ ọdún mẹ́ta lè tó 30 sẹ̀ǹtímítà, èyí sì jẹ́ 300 ọjọ́ bí ohun gbogbo bá lọ déédéé. Láàrin àkókò yìí, iṣan tí ń dúró de nááfù ń gbẹ, ẹran ìdí ẹsẹ̀ ń ká, kókósẹ̀ sì ń gan. Ohun tí onífisiotẹ́rápì ń ṣe ni pé kí ẹsẹ̀ náà má bàjẹ́ kí nááfù tó dé: yóò máa nà án, yóò kọ́ ìyá bí yóò ti máa nà án nílé láàárọ̀ àti lálẹ́, yóò fi pátákó ẹsẹ̀ sí i kí ó má sorí kodò, yóò sì fi iná wádìí iṣan náà láti mọ̀ bóyá nááfù ti ń dé. Àwọn mìíràn a tún máa fi iná tí ń pẹ́ náà ta iṣan náà jí kí ó má gbẹ tán, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnu àwọn ọ̀mọ̀wé kò kò lórí bí èyí ti wúlò tó. Ohun tí ẹnu wọn kò lé lórí ni pé iná kì í so nááfù tí ó já, àti pé bí ọdún kan àti ààbọ̀ bá kọjá láìsí nááfù, iṣan náà lè má lè gbà á mọ́ bí ó bá tilẹ̀ dé.

Ìdí nìyí tí ìyá tí ó lọ lẹ́ẹ̀mẹta tí kò rí ìyàtọ̀, tí ó sì ní òun kò lọ mọ́, fi ń ṣe ọmọ rẹ̀ ní àṣìṣe ńlá láìmọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, sẹ̀ǹtímítà méjì ni nááfù rìn. Kò tíì jìnnà sí ìdí. Kí wọ́n kọ ọjọ́ tí abẹ́rẹ́ náà wáyé sílẹ̀, orúkọ oògùn náà pẹ̀lú bí wọ́n bá mọ̀ ọ́n, nítorí dókítà yóò béèrè méjèèjì. Bí wọ́n bá sì ní kí wọ́n padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, kí wọ́n gbé pátákó ẹsẹ̀ náà àti bàtà ọmọ dání, nítorí ẹsẹ̀ ọmọdé ń dàgbà, èyí tí ó bá a mu nígbà tí wọ́n ṣe é lè ti máa há a mọ́ra báyìí.